Kẹ̀kẹ́ Mẹ́rin Láti Ṣakí sí Ìsẹ́yìn

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí ìlú òyìnbó kí èmi àti àwọn mẹ́ta kan níbi iṣẹ́ tó gun kẹ̀kẹ́ láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn. Àwọn tó gbọ́ rò pé orí wa ti dàrú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi náà, ibẹ̀ la sì ti pàdé. Nígbà tí iṣẹ́ òkè òkun jáde fún un, èmi ni mo bá a di ẹrù. Ohun tí a jọ sọ ni pé kí òun àti àwọn ọmọ ṣíwájú, kí n tẹ̀lé wọn tó bá di oṣù mẹ́fà. Ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọbìnrin mi di ìka mi mú, ó ní, "Dádì, ẹ ò bá wa lọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Wọn kò fún mi ní físà. Mo tún gbìyànjú, wọn kò tún fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn dá ìyá mi gúnlẹ̀, èmi nìkan sì lọmọ tó wà nítòsí. Nígbà tí a fi sin ín tán, ẹsẹ̀ mi ti wúwo. N kò kọ̀wé béèrè físà mọ́, n kò sì sọ fún ìyàwó mi pé n kò kọ ọ́. Bó bá bi mí, màá ní, "Ó wà lọ́nà."

Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnìkan. Ìrẹsì ẹni mẹ́rin ni mò ń sè, màá sì jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú ni a máa ń rí ojú ara wa lórí fóònù. Ọmọkùnrin mi á kí mi kíá, á sì kúrò níwájú fóònù bí ẹni tó ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Yorùbá ọmọbìnrin mi ti ń dún bíi ti ẹni tó ki iṣu gbígbóná bọ ẹnu. Tí a bá pa fóònù, màá jókòó síbi tí mo wà títí ojú ẹ̀rọ náà yóò fi ṣókùnkùn, tí màá máa wo ojú ara mi nínú rẹ̀.

Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Èmi ni aláwàdà wọ́ọ̀dù. Bí àwọn ìyá ọmọ bá ń sunkún, èmi ni wọ́n máa ń pè.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ méjì wá lọ́jọ́ kan náà, èémí ò sì já gaara fún èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀rọ ọ́síjìn kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù wa. À ń yọ ọ́ lára ọ̀kan, à ń fi í sí èkejì. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀kan ti lọ. Àgbẹ̀ láti Irawo ni ìyá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ká aṣọ ọmọ náà sí mẹ́rin, ó tú u, ó tún un ká, ó wá bi mí bóyá ọmọ ẹlòmíràn lè lò ó. Mo wá àwàdà mi tì. Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Métírọ́ọ̀nù wa dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí obìnrin náà ń sọ̀rọ̀. Ó ku ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó pè wá jọ.

"A ti kọ lẹ́tà títí ó ti sú wa," ó wí. "Kẹ̀kẹ́ la máa gùn báyìí. Láti ibí dé Ìsẹ́yìn. Àwọn èèyàn á rí wa lójú títì, wọ́n á bi wá pé kí ló dé, a ó sì sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ọ́síjìn là ń wá."

Ẹnì kan ní, "Mà, ṣé ẹ mọ kẹ̀kẹ́ gùn?"

"Rárá," ó wí. "Mo máa kọ́ ọ."

Àwa mẹ́rin la gbà láti lọ: Métírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, apòògùn wa tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó sì máa ń sáré ní àràárọ̀, ọlọ́dẹ ẹnu géètì tó ti ṣe ṣọ́jà rí, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń gbé e wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, àti èmi. Àwọn èèyàn rò pé àánú àwọn ọmọ ló mú mi fi orúkọ sílẹ̀, irọ́ kọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni a ó máa ṣe ìdánrawò, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń ṣòro fún mi jù nínú ilé yẹn.

Pápá ilé ìwé kan la ti ń kọ́ ọ. Ọlọ́dẹ á di ìjókòó kẹ̀kẹ́ Métírọ́ọ̀nù mú láti ẹ̀yìn, á máa sáré tẹ̀lé e, á máa pariwo pé, "Ẹ má wo ilẹ̀, mà! Ibi tí ẹ bá wò lẹ máa ṣubú sí!" Ó ṣubú títí tí a kò kà á mọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yí pápá náà po láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. A ṣe bí ẹni pé a kò rí i.

Àwọn ọlọ́jà, àwọn onímọ́tò, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣèlérí láti dá owó ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ní àfi tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi kẹ̀kẹ́ dé Ìsẹ́yìn láìwọ mọ́tò.

Oṣù ọyẹ́ la gbéra, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ọkọ̀ áńbúláǹsì kan ń rọra tẹ̀lé wa. Ọyẹ́ bo orí òkè Àsabàrí débi pé bí a ti jáde nílùú tán tí mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí i mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Àwọn èèyàn Àgó-Àmọ́dù pàtẹ́wọ́ fún wa; ní Àgó-Àrẹ, àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko fún wa lómi. Tẹ̀dé la sùn sí, nínú kíláàsì ilé ìwé kan. Mo fi fọ́tò wa ránṣẹ́ sílé, àwa mẹ́rin pẹ̀lú eruku lójú. Àtàǹpàkò kan péré ni ọmọbìnrin mi fi dá a padà, àwòrán rẹ̀ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Mo wo àtàǹpàkò yẹn títí oorun fi gbé mi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó rìn jìnnà sí Tẹ̀dé, wọ́n pe awakọ̀ áńbúláǹsì láti Ṣakí. Aláboyún kan ń ṣẹ̀jẹ̀, ọkọ̀ kejì sì ti kọṣẹ́. Métírọ́ọ̀nù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ju ọwọ́ sí i pé, "Yí padà, máa sáré lọ!" Bó ṣe di pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn wa mọ́ nìyẹn.

Orúnkún mi òsì ti ń dùn mí láti àná, n kò sì sọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúró dè mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti fi ẹ̀rín sójú.

"Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Métírọ́ọ̀nù wò mí. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà. Èyí tó lọ́ra nínú agbo náà ń délé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ. Ìborùn Métírọ́ọ̀nù, aláwọ̀ ìyeyè, ló kẹ́yìn tí mo rí, kó tó gorí ibi tí ọ̀nà ti ga, tó sì rì sí òdìkejì. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ, síbẹ̀ inú bí mi pé wọ́n lọ. Inú bí mi débi pé mo dúró, mo ta kẹ̀kẹ́ nípàá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni mò ń bínú sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bínú sí obìnrin kan àti ọmọ méjì tí mo fi ẹnu ara mi ní kí wọ́n máa lọ.

Mo tún gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n ti sun igbó ní apá méjèèjì ọ̀nà. Ilẹ̀ dúdú, igi òrí dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Ètè mi ti là. Mọ́tò tó ń kọjá kò pọ̀, tí ọ̀kan bá sì kọjá, eruku rẹ̀ á pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ tí táyà ẹ̀yìn tú afẹ́fẹ́ jáde, fìììì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n fi ń lẹ táyà wà lápò mi, gọ́ọ̀mù wà. Páǹpù ni kò sí. Ọwọ́ ọlọ́dẹ ni páǹpù wà. Mo wo fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọlọ́kadà kan dúró. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo èmi náà.

"Ẹ jẹ́ ká so ó mẹ́yìn, ọ̀gá. Màá já yín sílẹ̀ kí a tó wọ Ìsẹ́yìn. Ta ló máa mọ̀?"

N kò lè sọ pé ìwà rere ló jẹ́ kí n kọ̀. Mo ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọ̀kadà náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé láìpẹ́ màá bá wọn, wọ́n á kí mi, màá sì tún ní láti rẹ́rìn-ín. Ó rẹ̀ mí láti rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa lọ, mo dúpẹ́, mo sì ń ti kẹ̀kẹ́ mi lọ lábẹ́ oòrùn.

Mo rìn títí mo fi kan abà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lábẹ́ igi igbá ńlá kan. Ìyá àgbàlagbà kan ń yí gbodo tó sá sórí àpáta pẹrẹsẹ, iṣu gbígbẹ tó fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"Oo. Kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ò lọ mọ́ ni?"

"Táyà ló jò, mà. Mò ń lọ sí Ìsẹ́yìn."

"Ìsẹ́yìn! Lórí kẹ̀kẹ́!" Ó nàró. "Ta lo bá jà?"

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní n kò bá ẹnikẹ́ni jà, àwa mẹ́rin ni, pé ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ tí kò lè mí dáadáa yóò fi máa mí la ń wá.

"Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ."

"Tí táyà ti jò?"

"Rárá, mà. Kó tó jò. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ gbodo rẹ̀. "Ẹnu lèèyàn ń gbọ́, ọmọ mi. Wọn kì í gbọ́ inú."

Ó fún mi lómi àti iṣu sísun. Bí mo ti ń jẹ ẹ́, ó sọ fún mi pé ìkórè iṣu kejì nìyí tí ọkọ òun ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Kùtọ́nù, gbogbo wọn ló sì ń pè é pé kó máa bọ̀. Ó ní òun sọ fún wọn pé ara òun le.

"Ṣé ara yín le lóòótọ́, mà?"

Ó rò ó díẹ̀. "Àwọn ewúrẹ́ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó dà bíi pé ọ̀kan dá mi lóhùn. Ẹ̀rù bà mí."

A jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn abà. Kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fi ọ̀rá bò ó. Ó ní òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, àwọn ọmọ fẹ́ tà á, òun kọ̀. Ó tú páǹpù kúrò lára irin kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé e fún mi. Mo fà á, kò mú afẹ́fẹ́ kankan. Awọ inú rẹ̀ ti gbẹ táútáú. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gbà á padà. Ó yọ ọ̀pá inú rẹ̀, ó bu òrí láti inú igbá kékeré kan, ó sì ń fi í ra awọ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

"Bó ṣe máa ń ṣe é nìyí," ó wí.

Mo lẹ rọ́bà náà. Ó bá mi di táyà mú, mo sì fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ tó jáde gbé eruku dání, ìyá náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò sì mọ̀ bóyá eruku ló yí ojú fún. Nígbà tí táyà le tán, ó gba páǹpù, ó sì dá a padà sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bò ó.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó lọ. Mo ti gun kẹ̀kẹ́ kí ó tó ké sí mi: "Tóo bá bá wọn, sọ fún wọn pé ó rẹ̀ ọ́ o! Má bá wọn ṣàwàdà!" N kò mọ bí ó ṣe mọ̀ pé aláwàdà ni mí.

Láti ibẹ̀ lọ, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kọjá Ọ̀kaka, mo kọjá Òtu. Àwọn èèyàn ti kí àwọn tó ṣíwájú, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣì kù lẹ́yìn. Lẹ́bàá oko kajú kan, mo rí i pé omi ń bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó máa bọ́. Ẹsẹ̀ mi kò dúró. Mo sọ orúkọ àwọn ọmọ mi sókè, ti àgbà, ti àbúrò, ti ìyá wọn. Ó pẹ́ tí mo ti pè wọ́n láìsí fóònù lọ́wọ́.

Ìrun mọ̀ǹgàríbà kù díẹ̀ kí n tó wọ Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti tú kánópì tí wọ́n ta láti fi gbà wá lálejò, wọ́n ń to àga lé ara wọn. Àwọn àlejò ti lọ. Métírọ́ọ̀nù nìkan ló jókòó sórí àga kan tí kò jẹ́ kí wọ́n kó, ó ti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bó ṣe rí mi ló dìde.

"Níbo lo wà? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́dẹ ti padà sójú ọ̀nà láti wò ọ́!"

Àwàdà kan ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Táyà mi jò, mà. Orúnkún mi ń dùn mí láti àná. Ó rẹ̀ mí, inú mi ò sì dùn pé ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó ya ẹnu, ó pa á dé. "O ní ká máa lọ."

"Mo mọ̀, mà. Mo parọ́ ni."

Kò bá mi wí. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ti ògiri, ó sì fà mí jókòó sórí àga rẹ̀, òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin tí gbogbo ilé ìwòsàn ń bẹ̀rù. Apòògùn gbé oúnjẹ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti fẹ́ ìyàwó tuntun lójú ọ̀nà. Métírọ́ọ̀nù ní, "Fi í sílẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti pe ìyàwó mi. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ó gbé e kíá.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"A ti dé," mo wí. Mo sì sọ ọ́ kí n má baà tún ronú: "Mi ò tíì kọ̀wé físà láti ìgbà tí a ti sin ìyá mi."

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò pa dé lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó wí. "Mò ń dúró kí ẹ sọ fún mi ni."

"Kí ló dé tí o ò bi mí mọ́?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé ẹ máa sọ pé ẹ ò fẹ́ wá mọ́." Ó tún fi kún un pé, "Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú mọ́tò ni mo máa ń jókòó sí. Ó lè tó wákàtí kan. Mi ò kì í fẹ́ wọlé."

N kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́ta, n kò mọ̀ ọ́n. A ò sọ ohun púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pa fóònù nínú wa, mo sì ń gbọ́ mímí rẹ̀ títí iná fóònù mi fi tán.

Àwọn tó ṣèlérí mú un ṣẹ. Ẹ̀rọ náà dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀kaka kan ló kọ́kọ́ lò ó, ó sì yè. Èyí tó tẹ̀lé e kò yè. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, mo mú táyà tuntun àti ike òrí kan, mo lọ sí abà ìyá yẹn. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará abà kejì sọ fún mi pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wá mú un lọ sí Kùtọ́nù, ó sì ní kí wọ́n di kẹ̀kẹ́ náà sórí mọ́tò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ò lọ. Inú mi dùn, mo sì dúró síbẹ̀ pẹ́ kí n tó yí padà.

Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lásìkò ìsinmi. Ọmọbìnrin mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi. Ọmọkùnrin mi ń tijú mi ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó sùn lé mi láyà. Nígbà tí wọ́n ń padà, n kò rẹ́rìn-ín ní pápákọ̀. Gbogbo wa la sunkún, àwọn èèyàn sì ń wò wá. Mo ti tún kọ̀wé béèrè físà. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Métírọ́ọ̀nù ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Òkèhò. Apòògùn ti lọ sí Kánádà. Nínú àwa mẹ́rin, ọlọ́dẹ àti èmi ló kù ní Ṣakí. Lọ́jọ́ Alámìísì, tí iṣẹ́ bá parí, a máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgó-Àmọ́dù. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sì í ṣàwàdà fún un. A ó mu fúrá lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà, a ó sì yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú.